Ìwé èrè méjì: ọ̀kan fún ìdámẹ́wàá, ọ̀kan fún agbowó-orí. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Akọ̀wéẸgbẹ́_Agbeni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa l'Ágbeni, n'Ìbàdàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí i kó tó di ìpàdé mìíràn.

Àwọn tó ń ta yẹ̀fun, ṣúgà, bọ́tà àti èròjà búrẹ́dì ló pọ̀ jù nínú wa. A fẹ́ fi ọ̀rọ̀ owó-orí sínú òfin ẹgbẹ́, nítorí òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2026. Bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni màmá kan tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún yọ ìwé méjì jáde nínú báàgì wọn. Ti àkọ́kọ́ ti gbó, bọ́tà ti ta sí i lára. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n rà àti èyí tí wọ́n tà sí, owó alábàárù, owó epo jẹnẹrétọ̀, títí kan èrè oṣù. Lábẹ́ èrè oṣù kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi báírò pupa kọ ìdámẹ́wàá rẹ̀. Ìwé kejì mọ́ tónítóní. Wọ́n ní òun ni àwọn ń fi han ẹni tó bá wá béèrè owó-orí, èrè tó sì wà nínú rẹ̀ kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Ojú ò tì wọ́n rárá. Wọ́n ní, "Ọlọ́run ni mo jẹ ní gbèsè. Ìjọba ò fún mi ní kọ́bọ̀ rí."

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àlàájì kan ní sàká tí òun ń yọ lọ́dọọdún ti tó, kò sí ohun tí ìjọba tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá dìde, ó ní irọ́ kò ní orúkọ méjì, ì báà jẹ́ ìjọba la pa á fún. Bí ìpàdé ṣe tú nìyẹn, a ò fẹnu kò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò, tí ẹ sì bẹ̀rù Ọlọ́run, báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn dín èrè rẹ̀ kù lójú agbowó-orí?

Aránṣọ_Apátá

Èmi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀. Omi tí mò ń mu, èmi ni mo gbẹ́ kànga rẹ̀. Iná tí mo fi ń ránṣọ, èmi ni mò ń ra epo sí i. Nígbà tí tiransifọ́mà àdúgbò wa jóná, ojúlé sí ojúlé la dáwó. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ wa lóru, àwa là ń sanwó oṣù rẹ̀. Kí ló kù tí ìjọba ń ṣe fún mi tí mo fi jẹ ẹ́ lówó?

Èyí tó tún ń dùn mí jù ni ti àwọn oní-tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á wọlé bí ẹni pé àwọn ló ni ṣọ́ọ̀bù. Bí o bá béèrè pé ìwé wo ni wọ́n fi ń gba owó yìí, wọ́n á gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ sọ sínú ọkọ̀. Ìdámẹ́wàá tí mo ń san, mo mọ ibi tó ń lọ. Mo rí òrùlé tí wọ́n fi kàn, mo mọ àwọn opó tí wọ́n fi ra ìrẹsì fún.

Díákónì_Challenge

Arákùnrin mi, mo gbọ́ ọ yé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ Jésù tí gbogbo wa mọ̀ nínú Mátíù 22 yẹn dáadáa, pé kí a fi ohun tí í ṣe ti Késárì fún Késárì, kí a sì fi ti Ọlọ́run fún Ọlọ́run. Ta ni Késárì nígbà yẹn? Tìbéríù ọba Róòmù ni. Àjèjì ni, ó fi ọmọ ogun tẹ ilẹ̀ Júù mọ́lẹ̀, àwọn tó wá bi Jésù léèrè sì mọ̀ pé owó náà ń lọ sọ́wọ́ ẹni tó ń ni wọ́n lára. Bí ìwà ìjọba bá tó láti fagi lé owó-orí, ọjọ́ yẹn gan-an ni ì bá ti fagi lé e. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Pọ́ọ̀lù náà kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù, ní orí 13, pé kí wọ́n san owó-òde fún ẹni tí owó-òde tọ́ sí.

Ohun tí a kì í sábà wàásù rẹ̀ ni apá kejì. Nígbà tí àwọn agbowó-òde wá sọ́dọ̀ Jòhánù Onítẹ̀bọmi nínú Lúùkù 3, kò ní kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n má ṣe gbà ju iye tí a rán wọn lọ. Sákéù, olórí agbowó-òde, sọ fúnra rẹ̀ pé ẹni tí òun bá rẹ́ jẹ, òun á san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, àwọn tó gbé ẹ̀rọ rẹ, ẹjọ́ wọn wà nínú Bíbélì kan náà. Ẹjọ́ tiwọn kò sì pa ẹjọ́ tiwa rẹ́.

Ìyá_Ìbejì_Bódìjà

Mo ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rajà mọ kọ́ńgò tí wọ́n lù nídìí kó lè máa gba díẹ̀. Kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù Ọlọ́run lọ́jà wa tó lè lo irú kọ́ńgò yẹn kó sì máa pe ara rẹ̀ ní ẹni ire. Bí a bá mú un, Ìyálọ́jà á gbà á, gbogbo ọjà á sì gbọ́. Ìwé kejì tí màmá yẹn yọ, kọ́ńgò tí wọ́n lù nídìí lèmi rí i sí. Bóyá oníbàárà la fi wọ̀n fún ni o, bóyá ìjọba ni, kọ́ńgò kan náà ló yẹ kó wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Mi ò sọ pé ìjọba ń ṣe dáadáa o.

Ọmọ_Kéwú_ỌjàỌba

Màámi, ẹ ti sọ ohun tó wà nínú Súrà kẹtàlélọ́gọ́rin, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ègbé fún àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù: bí wọ́n bá ń gbà lọ́wọ́ èèyàn, wọ́n á gbà á kún, bí wọ́n bá ń wọ̀n fún èèyàn, wọ́n á dín in kù.

Ẹ jẹ́ kí n wá dáhùn ti Àlàájì tó ní sàká ti tó, nítorí mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwa Mùsùlùmí. Sàká kì í ṣe owó-orí, owó-orí kì í sì í ṣe sàká. Ìṣirò wọn gan-an yàtọ̀. Orí èrè ọdún ni owó-orí wà. Sàká wà lórí ọjà tó wà nílẹ̀ àti owó tó wà lọ́wọ́, bí ó bá ti tó iye góòlù gíráàmù 85, tí ọdún òṣùpá kan sì yí po lé e lórí. Ìdá kan nínú ogójì là ń yọ. Ẹni tí ọjà àti owó rẹ̀ jẹ́ ₦30,000,000, ₦750,000 ni sàká rẹ̀, bóyá ó jèrè lọ́dún náà tàbí kò jèrè. Àwọn tí a ń fún pẹ̀lú, mẹ́jọ ni Àlùkùránì kà nínú Súrà kẹsàn-án, ẹsẹ 60: tálákà, aláìní, ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn, arìnrìn-àjò tí nǹkan tán lọ́wọ́ rẹ̀, àtàwọn yòókù. Afárá kò sí níbẹ̀. Olùkọ́ ilé-ìwé ìjọba kò sí níbẹ̀. Níbo la ó ti wá rí owó ìyẹn?

Àwọn onímọ̀ ti jiyàn lórí èyí tipẹ́. Al-Ghazali àti al-Shatibi gbà pé bí àpò ìlú bá gbẹ, aláṣẹ lè bu owó lé àwọn tó rí jájẹ, bí ìdí tòótọ́ bá wà tí wọ́n sì pín in pẹ̀lú òdodo. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kan náà kórìíra owó ìfipágbà tí wọ́n ń pè ní maks. Hàdíìsì tó bá ẹni tó ń gba maks wí, ó le. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gba owó lọ́wọ́ aránṣọ láìsí òfin, láìsí rìsíìtì, kí ó má fi "ẹ tẹ̀lé aláṣẹ yín" bo ara rẹ̀.

Aránṣọ_Apátá

Àlàyé yín yé mi, Alfa. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ẹ̀yin náà sọ ọ́, "pẹ̀lú òdodo". Bí òdodo ò bá sí ńkọ́?

Oníṣirò_Mọ́kọ́lá

Ẹ jọ̀ọ́, kí á tó jìnnà, ẹ jẹ́ ká mọ iye tí à ń sọ gan-an. Ìṣirò ìwé ni iṣẹ́ mi, mo sì ti rí i pé ọ̀pọ̀ tó ń sá fún owó-orí kò mọ̀ pé kò kàn wọ́n tàbí pé ó kéré sí bí wọ́n ṣe rò.

Ẹni tó ń dá ṣòwò láìforúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ń san tirẹ̀ fún. Kọ́ńpìnnì ló ń san ti ìjọba àpapọ̀. Òfin tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 2025 sọ pé ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó wọlé fún èèyàn lọ́dún, òdo ni owó-orí rẹ̀. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Kọ́ńpìnnì tí owó ọjà rẹ̀ lọ́dún kò ju ₦100,000,000 lọ, tí dúkìá rẹ̀ kò sì ju ₦250,000,000, kì í san owó-orí kọ́ńpìnnì rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ fi ìwé ìṣirò ránṣẹ́.

Ẹ wá jẹ́ ká fi oníyẹ̀fun kan ṣàpẹẹrẹ. Ká ní ó ta ọjà ₦9,000,000 lọ́dún. Yọ owó ọjà, owó ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀, alábàárù àti epo kúrò, ká ní èrè ku ₦1,400,000. Bí ó bá ń san ₦300,000 fún ilé tó ń gbé, òfin gbà á láyè láti yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé yẹn, ìyẹn ₦60,000. Ó ku ₦1,340,000. Yọ ₦800,000 tí kò lówó-orí, ó ku ₦540,000. Ìdá 15 rẹ̀ jẹ́ ₦81,000 fún odindi ọdún.

Ìdámẹ́wàá obìnrin yìí kan náà jẹ́ ₦140,000.

Mi ò sọ ọ́ láti bu ìdámẹ́wàá kù. Èmi náà ń san án. Mo fẹ́ kí ẹ rí i pé ìwé tí èèyàn fi ń ṣírò ìdámẹ́wàá lọ́nà òtítọ́ ti ṣe iṣẹ́ tó le jù nínú ìwé owó-orí tán. Ẹni tó ń kọ méjì ń ṣe wàhálà ìlọ́po méjì, bí ó bá sì fẹ́ yá owó ní báńkì, èwo ni yóò mú lọ?

Ohun kan tó kù: ìdámẹ́wàá àti sàká kì í ṣe ìnáwó òwò, a kì í yọ wọ́n kúrò kí a tó ṣírò owó-orí.

Ìyá_Ìbejì_Bódìjà

Háà. ₦81,000 lọ́dún. Èmi ti san jù bẹ́ẹ̀ lọ fún oní-tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ_Akanran

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n mú ìtàn ilé wa wá, nítorí Ìbàdàn ló ti ṣẹlẹ̀, mo sì rí i pé wọ́n ń sọ ọ́ lódì. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé Àgbẹ́kọ̀yà, àwọn àgbẹ̀ tó dìde sí ìjọba, kọ owó-orí. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní 1968 sí 1969, owó kókó tí ìjọba ń san fún àgbẹ̀ kò tó nǹkan, owó-orí sì wọ̀ wọ́n lọ́rùn, àwọn tó ń gbà á sì ń yọ wọ́n lẹ́nu: wọlé-wọlé, akódà, àti àwọn tó ń lé èèyàn kiri nínú oko. Wọ́n ya bo gbọ̀ngán Mápó ní oṣù kọkànlá 1968. Ní oṣù kẹsàn-án 1969, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n tú àwọn tí wọ́n tì mọ́lé sílẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí Táfá Adéoyè, olórí wọn, àtàwọn ènìyàn rẹ̀ béèrè: òkè mẹ́fà ni àwọn ó san, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè. Iye tí agbára wọn ká ni wọ́n dá. Ẹni tó bá dá iye kì í ṣe ẹni tó kọ̀ láti san.

Nígbà tí Olóyè Awólọ́wọ̀ wọ abúlé lọ bá wọn sọ̀rọ̀, tí ìjọba Adébáyọ̀, gómìnà ológun ìgbà náà, sì gbà láti sọ owó-orí di pọ́n-ùn méjì, tí wọ́n mú àwọn agbowó tó ń jẹ gàba lé wọn lórí kúrò, ìjà parí. Ẹ wò ó dáadáa: pọ́n-ùn méjì jẹ́ ogójì ṣílè. Ó ju ọgbọ̀n tí wọ́n béèrè lọ. Síbẹ̀ wọ́n gbà á, nítorí ẹnì kan wá jókòó tì wọ́n, ó sì gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ìyẹn ni mo fi ń dá aránṣọ lóhùn. Bí òdodo ò bá sí, pariwo pé kò sí, kó gbogbo ẹgbẹ́ rẹ jọ, kọ̀wé, lọ sí ilé-ẹjọ́. Ìwé kejì tó wà nínú báàgì kò béèrè òdodo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

ỌmọAwo_Bẹẹrẹ

Àwa oníṣẹ̀ṣe náà wà níbí o. Ifá ní kí á ṣòtítọ́, kí á ṣòdodo, pé ẹni ṣòtítọ́ ni imọlẹ̀ ń gbè. Kò yọ ìjọba sílẹ̀.

Agbowó_Àtijọ́

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ owó-orí, mi ò ní sọ ilé-iṣẹ́ náà. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, ó sì wọ̀ mí lọ́kàn.

Ohun tí mo rí ni pé ẹ̀sìn tí èèyàn ń ṣe nìkan kì í sọ bóyá yóò san. Mo ti wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi ẹsẹ Bíbélì ya ara ògiri rẹ̀ látòkè délẹ̀, kí ẹni tó ni ín sì sọ fún mi pé òun ò jèrè kankan látọdún tó kọjá, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ń já ọjà lẹ́yìnkùlé. Mo ti rí àlàájì tó pe ọmọ rẹ̀ pé, "Lọ gbé ìwé wá, kí wọ́n ka ohun tó wà níbẹ̀." Mo tún rí òdìkejì àwọn méjèèjì. Ohun tó sábà máa ń jọra lára àwọn tó ń sọ òótọ́ ni pé olórí ìsìn wọn ti dárúkọ owó-orí fún wọn rí. Ìwàásù lórí àgbèrè pọ̀, lórí ọtí pọ̀, lórí ìdámẹ́wàá kò ṣeé kà. Ẹni mélòó ló ti gbọ́ ìwàásù pé kí oníṣòwò sọ èrè rẹ̀ lóòótọ́ fún ìlú? Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi í sí abala 24 pé ojúṣe ọmọ ìlú ni kó sọ owó tó wọlé fún un lóòótọ́, kó sì san owó-orí rẹ̀ lásìkò. Bí wọn ò bá kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọn ò kà á ní mọ́ṣáláṣí, níbo ni màmá oníyẹ̀fun á ti gbọ́ ọ?

Ọ̀rọ̀ kan sì wà tó yẹ kí n sọ nípa àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ náà. À ń fi àdúrà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láràárọ̀. Ẹni tó ṣe àmín sókè jù, nígbà mìíràn, òun ló máa sọ fún oníṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án pé, "Fún mi ní ogún, màá kọ márùn-ún." Ìṣòwò náà tẹ́ wa lọ́rùn bí ó ṣe tẹ́ oníṣọ́ọ̀bù lọ́rùn, ìlú nìkan ló pàdánù. Ó dùn mí títí dòní. Àwọn àlùfáà ń bi oníṣòwò léèrè bóyá ó ti san ìdámẹ́wàá. Wọn kì í bi òṣìṣẹ́ ìjọba léèrè ibi tí owó tó fi ń san tirẹ̀ ti wá.

Ẹ̀rí ọkàn nìkan kò sì tó. Àwọn bàbá wa lápá ìwọ̀-oòrùn yìí san owó-orí, ní 1955 sì ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọmọ wọn wọ ilé-ìwé, wọ́n fojú rí i. Aránṣọ sọ pé òun rí òrùlé tí wọ́n fi ìdámẹ́wàá òun kàn. Ìjọba tó bá fẹ́ kí a sọ òótọ́, kó fi òrùlé tiẹ̀ hàn wá.

Díákónì_Challenge

Ẹ ṣeun, bàbá. Màá gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ìjọ wa. Ọ̀rọ̀ yìí sì kan ìjọ fúnra rẹ̀. Owó ọrẹ kò lówó-orí lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ìjọ bá ń ta omi inú ọ̀rá tàbí ó ń fi gbọ̀ngán ṣòwò, èrè ìyẹn wà lábẹ́ òfin. Ó yẹ ká kọ́kọ́ tún tiwa ṣe.

Aránṣọ_Apátá

Bàbá Agbowó, ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́ síta. Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn tábìlì yẹn. Mi ò tíì gbà pé mo jẹ ìjọba ní gbèsè o. Ṣùgbọ́n mo gbà pé bí n kò bá fẹ́ san, kí n sọ ọ́ lójú wọn, kí n sọ ìdí rẹ̀. Irọ́ yàtọ̀ sí ìjà.

Akọ̀wéẸgbẹ́_Agbeni

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ka gbogbo rẹ̀ sókè nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ wa, àwọn màmá náà wà níbẹ̀. Wọ́n béèrè ìṣirò ₦81,000 yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Àbá tí a fẹ́ gbé síwájú gbogbo ẹgbẹ́ nìyí: kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé èrè kan ṣoṣo, èyí tí a ó fi máa ṣírò owó yíyá ẹgbẹ́ pẹ̀lú, nítorí náà kò ní ṣàǹfààní fún ẹnikẹ́ni láti dín in kù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe san owó sọ́wọ́ èèyàn. Àkáǹtì ìjọba nìkan, pẹ̀lú rìsíìtì. Bí wọ́n bá gbé ẹrù ọmọ ẹgbẹ́ kan nítorí pé ó béèrè rìsíìtì, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò lọ gbà á. Kí a sì kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ wa, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fi owó ọjà tó kọjá ṣe, nítorí ìwé òfin fi àbójútó ọjà sí ọwọ́ wọn. Mo fẹ́ kí Díákónì àti Alfa bá wa kà á wò kí a tó tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ_Kéwú_ỌjàỌba

Inṣá Allāh, ẹ fi ránṣẹ́.

Ìyá_Ìbejì_Bódìjà

Oníṣirò, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà owó-orí yẹn ńkọ́? Ṣé mo ní láti lọ tò fún un? Ìgbà wo sì ni wọ́n ń fi ìwé sílẹ̀?

Oníṣirò_Mọ́kọ́lá

Rárá, màámi. Fún ẹni tó ń dá ṣòwò, NIN yín náà ni nọ́ńbà owó-orí yín báyìí. Ìwé ti ọdún tó kọjá, kó má kọjá ọjọ́ 31 oṣù kẹta. Bí èrè yín kò bá tiẹ̀ tó ₦800,000, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ó wà ní àkọsílẹ̀ pé ẹ ti sọ tiyín.

Aránṣọ_Apátá

Akọ̀wé, ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀ yẹn ránṣẹ́ sí mi. Àwa aránṣọ Apátá á kọ tiwa.